Ta Ló Rán An? Ìtàn Ìgbésí Ayé Ann Lowe

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí ọjọ́ tí àwa tí a wà ní ọdún ìkẹyìn múra bí ará àtijọ́ nínú ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ wa. Àwọn kan wọ ìró àti bùbá tí ìyá àgbà wọn kó sínú àpótí, àwọn mìíràn lọ ra ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàràgàdà ní ọjà òkìrìkà. Gáùn kan ni èmi wọ̀. Ìbàdí rẹ̀ fún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí agbòjò tí a ṣí, irú èyí tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ń wọ̀ ní nǹkan bí 1955. Inú pálọ̀ àǹtí mi ni wọ́n ti rán an, lórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí kì í dúró de iná ìjọba. Alẹ́ mẹ́rin gbáko ni àǹtí mi fi ṣe é. Nígbà tí àwọn èèyàn wá ń béèrè nípa aṣọ náà, èsì kan ṣoṣo ni mo ń fún wọn: wọ́n rán an fún mi ni.

Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè mọ wọ́n yìí dáadáa. Nígbà tí ẹlẹ́dè Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ fi olùṣe pamọ́, yóò gbé àbọ̀ wá sí ipò olùwà, yóò sì gbàgbé ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa máa ń fi wọ́n sí ipò olùwà: wọ́n kọ́lé, wọ́n jalè, wọ́n ránṣọ. Olùwà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ, kò sì ní ojú. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ohun tí mo ṣe sí àǹtí mi gan-an nìyẹn. Ẹ tún wo òkè, mo tún ti ṣe é nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ níbí.

Obìnrin tó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí ti kú láti 1981. Ann Lowe ni orúkọ rẹ̀. Òun ló rán ọ̀kan nínú àwọn aṣọ ìyàwó tí àwọn èèyàn mọ̀ jù lọ ní ọ̀rúndún tó kọjá. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, létí aráyé, wọ́n náà ló rán an.

Ọmọ ilé abẹ́rẹ́

Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Clayton, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní gúúsù Amẹ́ríkà, ni a bí Ann sí ní 1898. Georgia, ìyá ìyá rẹ̀, jẹ́ ẹni tí a bí sínú oko ẹrú. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló mọ̀, òun náà ló sì fi kọ́ Janie, ìyá Ann. Nígbà tí òmìnira dé, ìyá àti ọmọ ń ránṣọ fún àwọn ìyàwó olówó aláwọ̀funfun ní ìlú Montgomery tó jẹ́ olú ìlú Alabama. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, inú ilé náà ni Ann ti kọ́ iṣẹ́.

Ọmọdé ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn gígé aṣọ tó bá bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Sílíkì tí kò tó nǹkan, sátínì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, gbogbo rẹ̀ ló ń kó jọ. Ó máa ń wo òdòdó inú ọgbà, yóò sì fi àwọn gígé aṣọ wọ̀nyí ṣe irú rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, òdòdó aláṣọ yìí ló di àmì tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀. Bí wọn kò bá tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, òdòdó náà ń sọ̀rọ̀.

Ní 1914, Janie kú lójijì. Ann kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ gbà sílẹ̀ kò tíì parí: gáùn mẹ́rin ló ṣẹ́ kù fún ìyàwó gómìnà ìpínlẹ̀ Alabama, ọjọ́ àríyá sì ti sún mọ́lé. Ọmọ tí òkú ìyá rẹ̀ ṣì tutù yìí jókòó ti iṣẹ́, ó rán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin parí, ó sì fi wọ́n jíṣẹ́ bí ó ti yẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé òun lè dá dúró nídìí iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ó ti lọ́kọ kí ìyá rẹ̀ tó kú. Ọ̀gbẹ́ni Lee Cone ni ọkọ náà, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Arthur. Ọkọ kò fẹ́ kí ìyàwó òun máa ránṣọ fún èèyàn. Ann gbà fún un fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń rán tara rẹ̀. Ní 1916, ó wà nínú ilé ìtajà kan nígbà tí obìnrin olówó kan láti ìlú Tampa, ní ìpínlẹ̀ Florida, rí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, tó sì béèrè ẹni tó rán an. Ann dáhùn pé òun ni. Obìnrin náà, Josephine Lee, ní àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ ránṣọ fún, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé ọ̀dọ̀ òun kó máa rán an. Ann gbé ọmọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó lọ sí Tampa. Ìgbéyàwó náà kò pẹ́ tú ká.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan béèrè ẹni tó rán aṣọ, ó gbọ́ orúkọ, ayé ẹlòmíràn sì yí padà. Bí ìbéèrè yẹn ṣe lágbára tó nìyẹn.

Yàrá tí òun nìkan wà

Ní 1917, Ann lọ sí New York láti kọ́ iṣẹ́ sí i ní iléèwé aránṣọ kan tí ń jẹ́ S. T. Taylor. Wọ́n ti gbà á wọlé kí ó tó dé, àmọ́ wọn kò mọ̀ pé aláwọ̀dúdú ni. Nígbà tó yọjú, ẹnu ya ọ̀gá iléèwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀funfun kọ̀ láti bá a jókòó pọ̀ nínú kíláàsì kan náà, ni wọ́n bá fún un ní yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó máa dá kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò jókòó sí yàrá náà. Àwọn olùkọ́ a máa mú un lọ fi han àwọn tó kọ̀ láti bá a jókòó, kí wọ́n lè fi kọ́gbọ́n. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣáájú àkókò tí ó yẹ kó lò níbẹ̀.

Ó padà sí Tampa, ó sì ṣí ilé ìránṣọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ìlú Tampa ní àjọ̀dún kan tí wọ́n ń pè ní Gasparilla, níbi tí wọ́n ti máa ń yan ọba àti olorì lọ́dọọdún, tí àwọn obìnrin ńlá ìlú yóò sì wọ aṣọ bí ẹni tó ń gbé ààfin. Ann ló ń rán púpọ̀ nínú aṣọ wọ̀nyí. Ó kó àwọn obìnrin aláwọ̀dúdú jọ, ó kọ́ wọn níṣẹ́, ó sì ń sanwó fún wọn. Ní 1928, ó ti tọ́jú dọ́là 20,000 pa mọ́. Ó kó owó náà, ó lọ tẹ̀dó sí New York.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Owó tó kó wá kò pẹ́ tán. Ó wá ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé aṣọ ńláńlá tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Òun yóò ya àwòrán, òun yóò gé e, òun yóò rán an, ṣùgbọ́n orúkọ ilé aṣọ ni wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀. Ní 1947, òṣèré sinimá Olivia de Havilland lọ gba àmì ẹ̀yẹ Oscar rẹ̀ nínú gáùn tí òdòdó wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ Ann ni. Orúkọ ilé aṣọ tó ń bá ṣiṣẹ́, Sonia Gowns, ló wà nínú rẹ̀.

Ní 1950 ni ó tó ṣí ilé aṣọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní New York. Àwọn ẹbí olówó tí a ń kà nípa wọn nínú ìwé ìtàn, àwọn Rockefeller, àwọn du Pont, àwọn Roosevelt, ló wá ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹnikẹ́ni ṣáà ni yóò gba iṣẹ́ rẹ̀. Ann Lowe fúnra rẹ̀ kò fi bò pé ọ̀dọ̀ àwọn olówó àtìrandíran ni òun fẹ́ kí aṣọ òun máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ nílé yóò fẹ́ mọ ohun tó mú aṣọ rẹ̀ yàtọ̀. Inú aṣọ náà ni. Ara gáùn ni yóò ti rán kọ́mú àti yẹ̀rì mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní nílò ohunkóhun mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ojú ìrán inú ni yóò dì mọ́lẹ̀ dáadáa, débi pé ẹ lè yí inú aṣọ síta láìtijú. Ọwọ́ ló fi ń ṣe òdòdó rẹ̀, ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Èyí ni ohun tí ẹni tó bá ń rán irú aṣọ ìgbà náà lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀: ìrísí òde kò ní jókòó bí inú kò bá dúró.

Omi ló dànù

Ní 1953, ìyáàfin Janet Auchincloss gbé iṣẹ́ kan fún un. Jacqueline Bouvier, ọmọ rẹ̀, fẹ́ fẹ́ John F. Kennedy, ọ̀dọ́ sẹ́nétọ̀ tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1961. Ann ni yóò rán aṣọ ìyàwó, òun náà ni yóò rán ti àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án ni ìgbéyàwó, ní ìlú Newport ní ìpínlẹ̀ Rhode Island.

Táfẹ́tà sílíkì tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eyín erin ni wọ́n fi ṣe aṣọ ìyàwó náà, ó sì gbà tó yáàdì 50. Ọrùn rẹ̀ ṣí sí èjìká, àyà rẹ̀ kún fún ìṣẹ́po tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ní àwọn òbíríkítí ńláńlá tí a fi aṣọ kan náà ṣe, pẹ̀lú òdòdó kéékèèké láàárín wọn. Nǹkan bí oṣù méjì ni Ann àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ṣe é.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá, páìpù omi bẹ́ nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Omi ya wọ yàrá tí aṣọ wà. Nínú gáùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́wàá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ti ìyàwó gan-an sì wà lára wọn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ann ra aṣọ mìíràn, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ náà, wọ́n sì bá ọjọ́ ìgbéyàwó. Èrè dọ́là 700 tó ti fojú sùn tẹ́lẹ̀ di àdánù dọ́là 2,200. Kò sọ fún ìdílé ìyàwó. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún owó náà.

Ó gbé àwọn aṣọ náà dé Newport fúnra rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ fún un pé ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn tó ń kó ẹrù ń gbà, ni kó gbà wọlé. Ann dá a lóhùn pé bí òun kò bá gba ọ̀nà iwájú, òun yóò kó aṣọ òun padà sílé. Wọ́n ṣí ọ̀nà iwájú fún un.

Kan

Àwọn ìwé ìròyìn gbé fọ́tò aṣọ náà káàkiri. Wọ́n sọ irú aṣọ tí wọ́n fi rán an, wọ́n ṣàpèjúwe ọrùn rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó rán an kò sí níbẹ̀, àfi ní ìwọ̀nba díẹ̀.

Ní 1961, nígbà tí Jacqueline Kennedy ti di ìyàwó ààrẹ, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan tó lókìkí, Ladies' Home Journal, kọ̀wé nípa rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dórí aṣọ ìgbéyàwó, ohun tí wọ́n kọ ni pé obìnrin aláwọ̀dúdú kan tó ń ránṣọ ló rán an, àti pé kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ilé aṣọ ńlá.

Mo ti ka gbólóhùn yẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ tó sì ń dùn mí jù nínú rẹ̀ ni kan. Àwọ̀ ara wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, pé ó jẹ́ obìnrin wà níbẹ̀. Orúkọ nìkan ni kò sí. A máa ń lo kan fún ohun tí a kò tíì dárúkọ, tàbí ohun tí a rò pé orúkọ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gbọ́. Ann Lowe kì í ṣe àjèjì sí ilé náà. Ó ti ń ránṣọ fún wọn ṣáájú ìgbéyàwó yẹn.

Ó kọ lẹ́tà sí ìyàwó ààrẹ láti sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn ún tó. Kò bínú pé wọ́n pe òun ní aláwọ̀dúdú. Ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí aránṣọ olókìkí tó jẹ́ aláwọ̀dúdú. Oṣù kan náà kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yanjú, àwọn tó gbọ́ ìtàn aṣọ náà kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Owó, ojú, orúkọ

Ìyà orúkọ nìkan kọ́ ló jẹ ẹ́. Àwọn olówó tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń dúnàádúrà gidigidi, òun náà kì í sì í lè kọ̀. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí aṣọ débi pé ó ń tà á ní iye tí kò tó ohun tó ná sí i. Àwa tí a ní télọ̀ nínú ẹbí mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Arthur, ọmọ rẹ̀, ló ń bá a ṣírò owó ilé iṣẹ́. Ní 1958, ìjàǹbá ọkọ̀ pa á. Láti ìgbà náà ni ìṣirò ti dàrú mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní 1962, àwọn agbowó-orí ti ilé aṣọ rẹ̀ pa nítorí gbèsè owó orí tó tó dọ́là 12,800. Ní ọdún kan náà ni àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma mú kí wọ́n yọ ojú ọ̀tún rẹ̀. Fún ẹni tó ń fi ojú àti ọwọ́ jẹun, ẹ ro bí ó ti rí. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ bá a san gbèsè owó orí náà. Títí tó fi kú ni Ann fi gbà pé Jacqueline Kennedy ló san án. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ẹni tí kò dárúkọ rẹ̀ ṣe é lóore láìdárúkọ ara tirẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú rẹ̀ kejì, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Ní 1968, ó tún ṣí ilé aṣọ kan sí òpópónà Madison ní New York. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ní 1972 ni ó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejì, 1981, ló kú nílé ọmọbìnrin tó gbà tọ́, ní Queens, New York, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́rin.

Lónìí, aṣọ ìyàwó náà wà nípamọ́ ní ibi ìkówèésí tí wọ́n fi sọrí John F. Kennedy ní Boston. Àwọn gáùn rẹ̀ mìíràn wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn aláwọ̀dúdú ní Washington. Ní 2023, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Winterthur ní ìpínlẹ̀ Delaware ṣe àfihàn ńlá kan lórí iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ ìyàwó náà ti gbó kọjá ohun tí wọ́n lè gbé jáde, nítorí náà Katya Roelse, olùkọ́ kan ní University of Delaware, wo gbogbo ojú ìrán rẹ̀ fínnífínní, ó sì rán òmíràn tó jọ ọ́. Orúkọ Ann Lowe ni wọ́n sì kọ gàdàgbà sí orí àfihàn náà.

Ọdún àádọ́rin ni ìbéèrè yẹn fi rìn kó tó rí èsì tó tọ́ sí i. Tèmi kò gbọ́dọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti padà lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi, mo ní kí wọ́n bá mi fi òwú kọ orúkọ wọn sí inú ọrùn gáùn yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló fẹ́ wo inú aṣọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀yin náà, nígbà tí ẹ bá wọ aṣọ yín lọ síbi àsè ìparí ọdún, tí ẹnì kan sì béèrè ẹni tó rán an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi wọ́n dá a lóhùn. Ẹ dárúkọ.